Ẹsẹ̀ Tó Gbọ̀n Lókè: Ohun Tí Ilé Àwòṣífìlà Fi Kọ́ Tíṣà Físíìsì

Ẹ̀kọ́ tòní yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rò. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílùú Ìbàdàn. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi ń fọ́nnu pé ẹni tó bá mọ sáyẹ́ǹsì kì í bẹ̀rù òkè. Àfi ọjọ́ tí mo dé orí ilé àwòṣífìlà kan nílùú New York, tí orúnkún mi ń lu ara wọn gbà-gbà-gbà, tó wá jẹ́ pé màámi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ló di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ ọdún méjì mú.

Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá jọ wo ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. A ó tún wo ìdí tí etí fi ń dí nínú lífítì, bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó láti orí ilé gíga, àti ìdí tí oòrùn fi ń pẹ́ wọ̀ fún ẹni tó wà lókè ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ṣe ní Láyípo

Lórí òkè Aàrẹ ní Ìbàdàn, ilé ìṣọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílùú náà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bíi mítà 18. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní Láyípo. Téèyàn bá dé òkè pátápátá, gbogbo Ìbàdàn ló máa tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa kún ojú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀. Gbogbo wọn sáré gòkè, àfi ọmọkùnrin kan. Ó dé òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ etí ibẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lójú kan, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Dípò kí n bi í ní ohun tó ń ṣe é, ẹ̀rín ni mo fi í rín. Mo ní, “Ọkùnrin bíi tìẹ! Ojo!” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu mi. Títí ó fi jáde ilé ẹ̀kọ́, “Ojo Láyípo” ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́, mi ò sì bá wọn wí.

Ẹ fi ọmọ yìí sọ́kàn o. A ṣì ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé tí fìlà ń ṣí bọ́ níwájú rẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní New Jersey. Màámi ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n lọ bá a wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Àlàní, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ilé ṣóńṣó yẹn lókèèrè. Ṣé wọn kì í jẹ́ kéèyàn gùn ún ni?” Empire State Building ni wọ́n ń sọ. Ta ni máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lè mú un lọ síbi tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ?

Ẹni tó kọ́kọ́ pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àwòṣífìlà mọ ohun tó ń sọ. Ilé tí èèyàn máa gbójú sókè wò, títí fìlà orí rẹ̀ á fi ṣí bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dúró ní ẹsẹ̀ ilé náà tí mo gbójú sókè, fìlà mi ṣí lóòótọ́. Màámi ló bá mi mú un.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e dìde, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931 ni wọ́n sì ṣí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 410 péré fún ilé alájà 102! Láti ilẹ̀ dé òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 381. Tí a bá ka irin ṣóńṣó tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn, ó di mítà 443. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí ilé tó ga tó o láyé.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ohun tí a mọ̀. Cocoa House wa ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1965, alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Ẹ to Cocoa House mẹ́ta léra wọn lórí, orí ìkẹta ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àjà 86 ilé yìí dọ́gba. Àjà 86 yẹn, tó wà ní mítà 320, ni ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àlejò bọ́ síta gbangba láti wo ìlú. Ibẹ̀ náà ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú lífítì: okùn, ìwọ̀n ara, àti etí tó dí

Bí a ṣe wọ lífítì, màámi bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń ní lọ́kàn tí wọn kì í bi ẹnikẹ́ni: “Bí okùn rẹ̀ bá já ńkọ́?” Ìdáhùn méjì ló wà fún un. Èkíní, kì í ṣe okùn kan ṣoṣo. Okùn irin tó pọ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn, bí ọ̀kan bá já, àwọn yòókù á gbé e. Èkejì, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ já, bíréèkì kan wà lára àpótí náà tó máa gbá irin ẹ̀gbẹ́ ògiri mú. New York yìí náà ni Elisha Otis ti fi èyí han aráyé níbi ìpàtẹ kan lọ́dún 1854. Ó dúró sórí pèpéle tí okùn gbé sókè, ó ní kí wọ́n gé okùn náà lójú èrò. Wọ́n gé e, pèpéle náà sún díẹ̀, ó sì dúró gbọin. Láìsí bíréèkì yẹn, ta ni ì bá gbà láti gbé ní àjà 20, ká má tíì wá sọ àjà 86?

Lífítì náà gbéra. Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé bí lífítì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra lọ sókè, ara máa ń wúwo, tó bá sì fẹ́ dúró, ara á fúyẹ́ bíi pé ìfun fẹ́ gòkè? Òòfà ilẹ̀ kò yí padà. Ilẹ̀ lífítì ló ń tì yín lẹ́sẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ẹ lè bá a yára. Tó bá ń dín eré kù, ó dín títì náà kù. Láàárín méjèèjì, nígbà tí eré rẹ̀ bá ti dúró sójú kan, kò sí ohun tí ẹ máa mọ̀ lára, àfi bíi pé ẹ dúró sínú yàrá yín.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí etí mi fi dí pátápátá. Ẹ wò ó báyìí: afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Bí wọ́n bá to àpò gàárì mẹ́wàá léra wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń ru ìyà jù. Àwa tí a wà nílẹ̀ ni àpò ìsàlẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló ń tẹ̀ wá. Ní mítà 320, ẹrù yẹn á dín ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ó dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n awọ tín-ínrín tó wà nínú etí, tí a lè pè ní ìlù etí, mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlù yìí ṣì jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ó lágbára ju tòde lọ, ó sì ń ti ìlù náà síta. Ihò tóóró kan wà tó so inú etí mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Bí ihò náà bá ṣí, afẹ́fẹ́ á jáde, etí á sì là. Ohun tó sì ń ṣí i ni kéèyàn gbé itọ́ mì, kó yán, tàbí kó jẹ nǹkan lẹ́nu.

Èmi tíṣà ń fi ìka ro etí. Màámi ní tiwọn ń rún orógbó tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn, etí wọn ò tilẹ̀ dí rárá.

Lókè, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ

A bọ́ síta. Atẹ́gùn kan gbá mi lójú. Ní ìsàlẹ̀, ilé àti igi ló ń dí atẹ́gùn lọ́nà. Lókè, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Òtútù náà le díẹ̀ sí i, nítorí pé bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Fún mítà 320, ó tó nǹkan bíi dígírì 2.

Mo gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú. Mo rí òpópónà nísàlẹ̀, mo rí takisí aláwọ̀ yẹ́lò bí èso àgbàdo. Lójijì, ó dà bíi pé gbogbo ilé náà ń tẹ̀ síwájú. Òòyì kọ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi rin gbindin fún òógùn. Orúnkún mi wá bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé ilé ló ń mì. Òótọ́ ni pé ilé gíga máa ń mì. Bí igi àgbọn ṣe ń tẹ̀ fún ìjì kó má baà ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yìí wúwo gan-an, irin tó wà nínú rẹ̀ nìkan tó tọ́ọ̀nù 57,000. Bí ìjì bá tilẹ̀ ń jà, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ló máa fi yẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìjì kankan ò jà. Èmi ni mò ń mì.

Màámi wo ojú mi, wọ́n mọ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Má wo ilẹ̀ mọ́. Ojú mi ni kó o máa wò. Sún mọ́ ògiri, kó o fẹ̀yìn tì í. Mí sínú díẹ̀díẹ̀.” Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo wo ojú wọn. Láàárín bí ìṣẹ́jú méjì, ayé padà sípò rẹ̀.

Ta ló kọ́ màámi ní sáyẹ́ǹsì? Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ló tọ̀nà, bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ońṣẹ́ mẹ́ta tó ń jà lórí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbi tí ẹ wà. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹ ka títí dé ogún. Ó rọrùn, àbí? Ó yá, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ di ojú yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní kà dé ogún kí ẹsẹ̀ kejì tó balẹ̀. Kí ló dé? Ẹsẹ̀ yín kò yí padà o.

Ara èèyàn kì í dúró sójú kan rárá. Bí a bá tilẹ̀ rò pé a dúró ṣinṣin, a ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ sì ń fà wá padà láìjẹ́ ká mọ̀. Ońṣẹ́ mẹ́ta ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Èkíní ni inú etí, níbi tí omi kan wà nínú àwọn ihò róbótó, tó ń mì bí orí bá ti yí. Èkejì ni àtẹ́lẹsẹ̀ àti iṣan ẹsẹ̀, tó ń sọ ibi tí ìwúwo ara wà. Ẹ̀kẹta ni ojú. Nínú ilé, ojú ń wo ògiri. Bí ara bá yẹ̀ síwájú, ògiri á dà bíi pé ó sún, ojú á ní, “Ọ̀gá, a ti ń yẹ̀ o.”

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Bí ara mi bá yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ohun tó wà ní mítà kan sí mi máa sún lójú mi ní nǹkan bíi dígírì 1. Ojú á tètè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní mítà 100 máa sún ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, èyí tó wà ní kìlómítà kan á sún ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kò sí ojú tó máa rí i. Lókè ilé àwòṣífìlà, gbogbo ohun tó wà níwájú ẹni ló jìnnà. Nítorí náà, ojú á ní, “A dúró ṣinṣin.” Etí á ní, “Irọ́ ni, à ń yẹ̀.” Ẹsẹ̀ náà á ní tòun lè máa tọ́. Ọpọlọ ò mọ ẹni tó máa gbà gbọ́ mọ́. Ìjà yẹn gan-an ni òòyì. Ara á wá yẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, nítorí ojú kò ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Bí ọpọlọ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ò yé òun, á fọn fèrè ìjà. Oje ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline á tú jáde, ọkàn á máa lù kìkì, ọwọ́ á là òógùn, iṣan á le gan. Ẹsẹ̀ tó bá le gan kò sì lè ṣàtúnṣe ìdúró rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀rù á bí òòyì, òòyì á bí ẹ̀rù.

Kì í ṣe ìwà ojo. Lọ́dún 1960, Eleanor Gibson àti Richard Walk gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ́ díńgí tó nípọn sórí ibi tó dà bí ọ̀gbun, wọ́n gbé àwọn ọmọ tó ń rá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kí ìyá wọn máa pè wọ́n láti òdìkejì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kò gbà láti rá kọjá lórí díńgí náà, bí ìyá wọn tilẹ̀ ń pè wọ́n. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú ti mọ̀ pé kéèyàn ṣọ́ra fún ọ̀gbun. Ẹ̀rù òkè wà lára ohun tó pa àwọn baba ńlá wa mọ́. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ti ẹlòmíràn le ju ti ẹlòmíràn lọ.

Kí ló yẹ kéèyàn ṣe nígbà náà?

Ẹ wá ohun tó wà nítòsí kí ẹ máa wò ó: ògiri, irin, tàbí ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ojú á tún rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ fi ọwọ́ kan nǹkan. Kò dìgbà tí ẹ bá rọ̀ mọ́ ọn. Ìka kan ṣoṣo tó bá kan irin ti tó láti sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà.

Ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, tàbí kẹ̀, ẹ jókòó. Ẹni tó jókòó kì í yẹ̀ bí ẹni tó dúró.

Ẹ má gbójú sókè wo ìkùukùu tó ń rìn, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ awò-ọ̀nà-jíjìn sójú nígbà tí ẹ dúró láìfara ti nǹkan. Méjèèjì ló ń da ọpọlọ rú.

Ẹ mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pọ ọ́ síta pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á sínú lọ.

Bó bá wá le débi pé èèyàn ò lè gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lásán, kó lọ rí dókítà. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú èèyàn gòkè díẹ̀díẹ̀, lónìí àjà kan, lọ́la àjà méjì, títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nígbà tí mo ń ro gbogbo èyí lókè yẹn, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo fọwọ́ kan ògiri, mò ń wo ohun tó wà nítòsí. Mo rántí ọmọ Láyípo. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ohun tó tọ́ gan-an ni ọmọ náà ń ṣe. Èmi tí mo pè é ní ojo ni n kò mọ sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà.

“Ṣé a lè rí Ìbàdàn láti ibí?”

Nígbà tí ara mi balẹ̀, màámi fà mí lọ́wọ́, a rìn yí ilé náà po. Ní ìwọ̀-oòrùn, odò Hudson àti New Jersey níbi tí ọmọ-ọmọ wọn wà. Ní àríwá, Central Park, bí ẹní aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sáàárín ilé. Ní ìlà-oòrùn, ilé Chrysler pẹ̀lú ṣóńṣó rẹ̀ tó ń dán. Ní gúúsù, erékùṣù tí ère Òmìnira wà, ó kéré bí ìka ọmọdé, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni omi tó lọ bá òkun. Màámi na ọwọ́ sí òkun yẹn, wọ́n ní, “Ṣé a lè rí Ìbàdàn láti ibí?” Wọ́n ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni.

Ayé rí róbótó, nítorí náà ilẹ̀ ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kúrò lójú wa. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé sánmà ni ìpẹ̀kun ohun tí ojú lè rí lórí ilẹ̀. Bí a bá ṣe gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpẹ̀kun yẹn ń sún síwájú. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ rọrùn: ẹ mú gíga ojú yín ní mítà, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, gíga yẹn ló máa jẹ́. Gbòǹgbò 100 ni 10, torí 10 lọ́nà 10 ni 100. Ẹ wá sọ gbòǹgbò náà di ìlọ́po 3.57. Kìlómítà ni ìdáhùn.

Ẹni tó dúró sí etí òkun, tí ojú rẹ̀ wà ní mítà 1.6: kìlómítà 4.5.

Ibi tó ga tó Láyípo, mítà 18, láìka òkè tó wà lábẹ́ rẹ̀: kìlómítà 15.

Ibi tó ga tó Cocoa House, mítà 105: nǹkan bíi kìlómítà 37.

Àjà 86, mítà 320: nǹkan bíi kìlómítà 64.

Ẹ kíyè sí i pé ilé yìí ga ní ìlọ́po mẹ́ta Cocoa House, ṣùgbọ́n ìríran rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì. Gbòǹgbò ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ ríran jìnnà ní ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ gòkè ní ìlọ́po mẹ́rin.

Wọ́n máa ń sọ fún àlejò ibẹ̀ pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, èèyàn lè rí tó 80 máìlì, ìyẹn bíi kìlómítà 128. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Rárá. Kìlómítà 64 jẹ́ ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkè tó bá ga ní mítà 300 ní ìpẹ̀kun tirẹ̀ náà, bíi kìlómítà 62. Ẹ ro 64 pọ̀ mọ́ 62, ẹ ó rí 126. Afẹ́fẹ́ náà tún ń tẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tẹ̀lé ilẹ̀, ó ń fi díẹ̀ kún un. Orí òkè ni wọ́n ń rí, wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti Ìbàdàn wá ńkọ́? Ó lé ní kìlómítà 8,000. Mo ṣírò rẹ̀ fún màámi: ilé tí a fi máa rí i láti New York gbọ́dọ̀ ga ju kìlómítà 14,000 lọ, ìyẹn ju ìbú gbogbo ayé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Fóònù rọrùn ju ìyẹn lọ.”

Mo tún fi nǹkan kan hàn wọ́n. Ilé Chrysler ga ní mítà 319, ibi tí a dúró sí jẹ́ 320. Nígbà tí a wò ó, orí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́wọ́, ó wúlò: ohun tó bá ga tó ojú yín máa kan ìlà náà, èyí tó bá ga jù yín lọ á yọrí kọjá rẹ̀, èyí tó bá kéré á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè dán an wò lórí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì èyíkéyìí.

Oòrùn tó pẹ́ wọ̀

A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nítorí pé ìpẹ̀kun ojú ẹni tó wà lókè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, oòrùn ní ibi púpọ̀ sí i láti rìn kó tó wọ̀ fún un. Ní gíga yẹn, ní New York, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Ẹ má rò pé eré ni. Ní Dubai, níbi tí Burj Khalifa tó ga ní mítà 828 wà, àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kéde lọ́dún 2011 pé kí àwọn tó ń gbé lókè àjà 80 fi ìṣẹ́jú 2 kún un kí wọ́n tó ṣínu ààwẹ̀, kí àwọn tó wà lókè àjà 150 sì fi ìṣẹ́jú 3 kún un. Ilé kan náà, ààwẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àkókò ìṣínu yàtọ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ síbi lífítì, mo gbọ́ tí ọmọ kan ń sọ pé bí òun bá ju owó ẹyọ sísàlẹ̀, á pa ẹni tó bá bà. Irọ́ àtijọ́ ni. Tí kò bá sí afẹ́fẹ́, eré rẹ̀ á tó kìlómítà 285 ní wákàtí kan kó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà, owó ẹyọ fúyẹ́ ó sì pẹlẹbẹ, á máa yí gbiri bọ̀ ni. Òjò náà ń bọ́ láti ibi tó ga ju ìyẹn lọ, kò sì pa wá. Ẹ má jù ú ṣá o. Kò ní pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè dun ẹni tó bá bà.

Ìpè tó yẹ kí n ti pè tipẹ́

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, mo wá nọ́ńbà ọmọ Láyípo yẹn. Ó ti di ọkùnrin, ó ti níyàwó. Mo ní, “Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo pè ẹ́ ní ojo lọ́jọ́ kan.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gbàgbé ìyẹn.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Mi ò tíì gbàgbé ṣá, sà.”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú, etí àti ẹsẹ̀ fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo sọ bí màámi ṣe di ọwọ́ mi mú. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní ọmọ òun obìnrin náà kì í lè dúró sí etí báńkóní, òun sì ti fẹ́ máa bá a wí. Ó ní òun ò ní bá a wí mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá jókòó sílẹ̀ lókè, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó wo ojú yín. Iṣẹ́ àṣetiléwá tòní sì rèé: bí ẹ bá gun ibi gíga kan lọ́sẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, ẹ ṣírò bí ojú yín ṣe lè ríran jìnnà tó. Ẹ má gbàgbé láti fi gíga ara yín kún ti ilé. Ó dìgbà kan ná.